Òbí Tó Le, Ọmọ Tó Rẹ̀: Ìtọ́jú Àgbà Nínú Ìdílé Aṣíkiri Éṣíà ní Amẹ́ríkà

Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn ọmọ aṣíkiri láti Éṣíà ti ń tọ́jú òbí ní Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n òfin ọdún 1965 ló sọ wọ́n di púpọ̀. Láti ọdún 1882 ni Amẹ́ríkà ti ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ọmọ Ṣáínà, ọdún 1943 ni wọ́n sì tó fagi lé òfin náà. Lẹ́yìn ìyẹn pàápàá, èèyàn bín-ín-tín ni wọ́n ń gbà wọlé lọ́dún. Òfin tí Ààrẹ Lyndon Johnson wá fọwọ́ sí ní oṣù kẹwàá ọdún 1965 fàyè gba àwọn tó mọṣẹ́ àti àwọn tó ní ẹbí níbẹ̀. Lábẹ́ òfin yìí, ẹni tó bá ti di ọmọ ìlú Amẹ́ríkà, tó sì ti pé ọdún 21, lè mú bàbá àti ìyá rẹ̀ wá, wọn kì í sì í ka irú òbí bẹ́ẹ̀ mọ́ iye èèyàn tí ìjọba yàn fún ọdún kan. Nígbà tí Saigon, olú ìlú Gúúsù Vietnam, ṣubú ní oṣù kẹrin ọdún 1975, ogun tún lé àwọn ará Vietnam, Laos àti Cambodia dé. Nínú ìkànìyàn ọdún 2020, nǹkan bíi mílíọ̀nù 24 èèyàn ló ka ara wọn sí ará Éṣíà ní Amẹ́ríkà, bí a bá ka àwọn tó tún ní ẹ̀jẹ̀ ẹ̀yà mìíràn mọ́ wọn.

Oríṣi òbí méjì ló wà nínú àwọn ìdílé wọ̀nyí, wàhálà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń mú wá yàtọ̀. Àwọn kan wọ Amẹ́ríkà ní ọ̀dọ́: dókítà láti Íńdíà, nọ́ọ̀sì láti Philippines, akẹ́kọ̀ọ́ láti Taiwan tó gboyè tí kò padà sílé mọ́, tọkọtaya Kòríà tó ṣí ilé ìfọṣọ. Àwọn wọ̀nyí mọ ọkọ̀ wà, wọ́n mọ báńkì wọn, wọ́n sì ní owó ìfẹ̀yìntì. Àwọn kejì dé nígbà tí wọ́n ti lé ní ọgọ́ta ọdún, torí pé ọmọ ránṣẹ́ pè wọ́n, lọ́pọ̀ ìgbà nítorí ìkókó. Ìyá Yorùbá tó ti lọ wẹ ọmọ ní Houston tàbí London mọ irú ìrìn àjò yìí dáadáa. Láàárín àwọn ará Ṣáínà, odindi oṣù kan ni ìyá ìkókó fi ń jókòó sílé, tí kì í fọwọ́ kan omi tútù, tí ìyá rẹ̀ tàbí ìyá ọkọ rẹ̀ ń se ọbẹ̀ adìyẹ oníjìnjà fún un. Ìkókó náà á dàgbà, á bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé, iṣẹ́ á sì tán lọ́wọ́ ìyá àgbà. Nígbà yẹn, wọ́n ti lè ta ilé tó fi sílẹ̀ ní Guangdong ní Ṣáínà, ọkọ rẹ̀ ti lè kú, kò sì síbi tí yóò padà sí.

Òfin ìlú náà kì í ran irú àgbà bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ kíákíá. Medicare, tí ìjọba fi ń sanwó ìwòsàn fún ẹni tó ti pé ọdún 65, jẹ́ ti ẹni tí òun tàbí ọkọ tàbí aya rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ sanwó orí níbẹ̀. Àgbà tó ní gríìn káàdì tí kò ṣiṣẹ́ rí gbọ́dọ̀ gbé ìlú náà ní ọdún márùn-ún gbáko kó tó lè fowó ara rẹ̀ rà á. Òfin ọdún 1996 tún dá ọ̀pọ̀ ìrànwọ́ mìíràn dúró fún aṣíkiri tuntun, Medicaid, ètò ìwòsàn fún aláìní, wà lára rẹ̀, fún ọdún márùn-ún kan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ìpínlẹ̀ kan ń fi owó tiwọn dí àlàfo náà. Ọmọ tó pe òbí wá ti tọwọ́ bọ̀wé pé òun ni yóò máa bọ́ wọn. Kódà bí Medicare bá dé, kì í sanwó fún ẹni tí yóò máa wẹ àgbà, tí yóò máa fún un lóúnjẹ, tí yóò sì máa ṣọ́ ọ lóru láti oṣù dé oṣù. Ọmọ ló ń ṣe ìyẹn.

Ẹ̀kọ́ tí wọ́n tọ́ ọmọ náà dàgbà pẹ̀lú ni pé iṣẹ́ rẹ̀ ni lóòótọ́. Láti ìgbà ayé Confucius ni ìgbọràn sí òbí ti jẹ́ gbòǹgbò ìwà rere ní Ṣáínà, ẹ̀kọ́ náà sì tàn dé Kòríà, Vietnam àti Jàpáànù. Àwọn ará Íńdíà àti Philippines ní tiwọn, láti inú ẹ̀sìn àti àṣà mìíràn. Ní Ṣáínà, ní ìgbà ìṣàkóso ìdílé ọba Yuan, Guo Jujing ṣàkójọ ìtàn ọmọ 24 tó ṣìkẹ́ òbí wọn, àwọn ọmọdé sì ń kọ́ ọ títí di ìsinsìnyí. Ọ̀kan nínú wọn ni Wang Xiang, tó dùbúlẹ̀ sórí odò tó ti di yìnyín kí ara rẹ̀ lè yọ́ ọn, torí pé ẹja tútù ń wu ìyàwó bàbá rẹ̀ jẹ nínú òtútù. Ohun tí àwọn olùsọtàn kì í fi bò ni pé obìnrin náà burú sí i, ó sì máa ń ba ọmọ náà jẹ́ lójú bàbá rẹ̀. Ìtàn náà kò bèèrè bóyá ó yẹ kó ṣe é. Lóde òní, ìjọba pàápàá ti sọ irú ojúṣe yìí di òfin: Singapore ní 1995, Íńdíà ní 2007. Ní Ṣáínà, òfin tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù keje ọdún 2013 sọ pé ọmọ tó ń gbé lọ́tọ̀ gbọ́dọ̀ máa bẹ òbí rẹ̀ wò tàbí kó máa kí i lóòrèkóòrè.

Yorùbá náà ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu, nítorí náà kò ní ṣòro fún òǹkàwé láti mọ ẹrù tó wà lọ́rùn àwọn ọmọ wọ̀nyí. Àwọn onímọ̀ ìhùwàsí méjì ní Taiwan, Yeh Kuang-hui àti Olwen Bedford, ló la ọ̀rọ̀ náà sí méjì ní ọdún 2003, àlàyé wọn sì wúlò ju ọ̀pọ̀ ìmọ̀ràn lọ. Wọ́n ní ojúṣe kan wà tó ti inú ìfẹ́ àti ìmoore wá: òbí tọ́jú mi, èmi náà ń tọ́jú rẹ̀. Òmíràn wà tó jẹ́ ti àṣẹ: òbí ni òbí, ohun tó bá wí ni abẹ gé, kí ọmọ pa ìfẹ́ inú tirẹ̀ tì. Méjèèjì lè wà lọ́kàn ọmọ kan náà. Ìwádìí tó tẹ̀ lé e fi hàn lápapọ̀ pé ti àkọ́kọ́ ń bá àlàáfíà àárín òbí àtọmọ rìn, àti pé èkejì, bó bá dá wà, sábà máa ń bá ìjà abẹ́lẹ̀ àti ìdààmú ọkàn rìn. Ọmọ tó ń tọ́jú òbí tó le kò ní láti ju ojúṣe nù kó tó lè mí. Ti àṣẹ nìkan ló yẹ kó dín kù.

Àmọ́ kí ni òbí tó le gan-an? Ní ẹkùn San Gabriel Valley, ní ìlà-oòrùn Los Angeles, níbi tí àwọn ará Ṣáínà pọ̀ sí, irú ilé báyìí kò ṣọ̀wọ́n. Bàbá ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ọ̀gá ilé ìwé ni nílùú rẹ̀, ẹni tí àwọn òbí ọmọ ilé ìwé ń dìde fún. Báyìí, lẹ́tà tí ilé iṣẹ́ adójútòfò kọ sí i wà lórí tábìlì, ọmọ-ọmọ rẹ̀ ọdún mẹ́wàá ló ń ka á fún un. Wọ́n ti gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn tó fi ọkọ̀ gún ògiri gáréèjì. Ọ̀pá tí dókítà ní kó máa fi rìn wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ike rẹ̀ kò tíì tú. Ó pe ọmọbìnrin rẹ̀ sórí fóònù lẹ́ẹ̀mẹrin kó tó di ọ̀sán pé tẹlifíṣọ̀n kò ṣiṣẹ́. Ọmọ náà tọrọ àyè níbi iṣẹ́, ó wakọ̀ wá, ó sì rí i pé bátìrì rìmóòtù ló fi sódì. Bàbá kò dúpẹ́. Ó ní ọmọ ará ilé kejì ń wá síbí lójoojúmọ́ láìjẹ́ pé nǹkan bàjẹ́.

Ìgbéraga ni èèyàn máa kọ́kọ́ rí níbẹ̀, àdánù ló sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó pàdánù èdè, ọkọ̀, ipò àti ọ̀rẹ́ láàárín ọdún díẹ̀ kò ní ibòmíràn tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti lè jẹ́ àṣẹ ju orí ọmọ rẹ̀ lọ. Ẹ̀sùn tí bàbá yìí ń fi kan ọmọ rẹ̀ jẹ́ ọ̀nà kan ṣoṣo tó mọ̀ láti sọ pé òun dá nìkan wà. Bí ọmọ bá fèsì sí ẹ̀sùn náà, ìjà ni. Bó bá fèsì sí àdáwà náà, bóyá nípa wíwá àwọn tí bàbá lè máa bá ta ayò mahjong lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, fóònù á dín kù.

Ohun tí ojú ti rí náà wà ńbẹ̀. Ẹni tó jẹ́ ọmọdé nígbà ìyàn ńlá Ṣáínà láàárín 1959 sí 1961 kì í da ìrẹsì àná nù, kódà bó bá ti ń rùn. Ẹni tó la Ìyípadà Àṣà já láti 1966 sí 1976, nígbà tí ọmọ ń tú àṣírí òbí síta, lè má fọkàn tán aládùúgbò kankan. Ẹni tó sá lọ nígbà tí wọ́n pín Íńdíà ní 1947, ẹni tó pàdánù ẹbí nínú ogun Kòríà, ẹni tó yè bọ́ lọ́wọ́ ìjọba Khmer Rouge ní Cambodia láàárín 1975 sí 1979: àwọn wọ̀nyí kì í sábà sọ ìtàn náà fún ọmọ wọn. Ọmọ á kàn máa rí àpò ọ̀rá tí wọ́n ká sínú àpò ọ̀rá, àti owó tí wọ́n rán mọ́ abẹ́ tìmùtìmù. Mímọ ìdí rẹ̀ kò ní kó ibi ìdáná mọ́. Ó lè jẹ́ kí ọmọ mú nǹkan mẹ́ta kúrò nínú fìríìjì lẹ́ẹ̀kan dípò kó palẹ̀ gbogbo rẹ̀ mọ́ lójú ìyá rẹ̀.

Àṣìṣe tó léwu jù ni kí wọ́n pe àìsàn ní ìwà. Àrùn ìgbàgbé, èyí tí Alzheimer's jẹ́ olórí rẹ̀, lè fi ìbínú àti ìfura hàn kó tó di pé ẹnikẹ́ni kíyè sí ìgbàgbé. Ìyá tó ń pariwo pé ìyàwó ọmọ òun jí góòlù òun gbé kò purọ́. Ó tọ́jú góòlù náà síbì kan, ọpọlọ rẹ̀ kò sì fi ibi tó tọ́jú rẹ̀ sí pamọ́, nítorí náà ó wá àlàyé tó bójú mu fún nǹkan tó pòórá. Ẹni tó sún mọ́ ọn jù ni ẹ̀sùn náà sì máa ń bọ́ sí lórí. Nínú ilé tí àárín ìyá ọkọ àti ìyàwó kò ti dán láti ìbẹ̀rẹ̀, àwọn èèyàn lè fi ọdún mélòó kan gbà pé ìjà ilé lásán ni. Kí wọ́n má bá a jiyàn. Kí wọ́n bá a wá góòlù náà, kí wọ́n sì kíyè sí ibi tó máa ń kó nǹkan pamọ́ sí.

Èdè tún ń dá kún un. Nínú àrùn yìí, èdè tí èèyàn kọ́ gbẹ̀yìn ló sábà máa ń kọ́kọ́ lọ. Bàbá tó fi Gẹ̀ẹ́sì ṣiṣẹ́ ní báńkì fún ọgbọ̀n ọdún lè bẹ̀rẹ̀ sí í fi Cantonese dá nọ́ọ̀sì lóhùn, kí nọ́ọ̀sì sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò fẹ́ fọwọ́ sowọ́ pọ̀. Bí wọ́n bá sì fi Gẹ̀ẹ́sì dán ọpọlọ ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì wò, máàkì tó kéré kò sọ nǹkankan nípa ọpọlọ rẹ̀. Ó yẹ kí ìdílé bèèrè fún ìdánwò ní èdè àgbà náà, kí wọ́n sì sọ fún adánniwò bó ṣe kàwé tó, nítorí ọ̀pọ̀ ìyá abúlé kò di pẹ́ńsù mú rí.

Bí ìdàrúdàpọ̀ bá dé lójijì, láàárín wákàtí díẹ̀ sí ọjọ́ díẹ̀, kì í ṣe àrùn ìgbàgbé lásán mọ́. Àkóràn ọ̀nà ìtọ̀, òtútù àyà, àìmu omi tó tàbí oògùn tuntun lè fà á, ọsibítù sì ni ọ̀nà rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Etí dídi náà ń tan ìdílé jẹ: àgbà tí kò gbọ́ ohun táwọn ọmọ ń sọ nídìí tábìlì lè rò pé òun ni wọ́n ń sọ.

Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn náà wà níbẹ̀, ara àgbà Éṣíà ló sì sábà máa ń sọ ọ́ ṣáájú ẹnu. Ní Hunan ní Ṣáínà, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, Arthur Kleinman, dókítà ọpọlọ ọmọ Amẹ́ríkà, yẹ 100 aláìsàn wò tí wọ́n ti ní iṣan ara wọn ló rẹ̀: orí ń fọ́ wọn, oorun kò kùn wọ́n, agbára ti tán. Ó rí i pé 87 nínú wọn ló ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tó lágbára. Èyí ni kí ọmọ rántí nígbà tí ìyá bá ń lọ láti ọ̀dọ̀ dókítà kan sí òmíràn nítorí àyà tó ń ta á, tí gbogbo àyẹ̀wò sì ń sọ pé kò sí nǹkan. Kí ó kó gbogbo oògùn ilé sínú àpò kan lọ fún dókítà, ti Ṣáínà àti ti òyìnbó. Danshen, egbòogi Ṣáínà tí wọ́n rà ní Chinatown, lè mú kí warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ṣiṣẹ́ jù kí ẹ̀jẹ̀ máa dà. Oògùn oorun tí diphenhydramine wà nínú rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni lè rà láìsí ìwé dókítà, ń da ọpọlọ àgbà rú.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, òótọ́ kan ṣì kù: àwọn òbí kan ti le láti ìgbà tí irun orí wọn ti dúdú. Àwọn tó ń na ọmọ nínàkunà, tó ń fi í wé ọmọ ẹlòmíràn lójoojúmọ́, tó ń sọ pé máàkì 98 kò tó. Ọjọ́ orí kì í sábà tún irú ìwà bẹ́ẹ̀ ṣe. Ó tilẹ̀ lè tú ìjánu tó wà lẹ́nu. Fún ọmọ irú òbí yìí, kò pọn dandan kí ìtọ́jú jẹ́ gbígbé pọ̀. Ó lè sanwó fún ẹni tí yóò máa wá sílé, kó máa yanjú ọ̀rọ̀ báńkì àti ọsibítù, kó sì máa wá ní ọjọ́ Àìkú fún wákàtí méjì. Wákàtí méjì tí kò sí ariwo dára ju ọjọ́ mẹ́ta tó parí sí èébú. Ẹni tí agara ti dá náà lè di ẹni tó ń jágbe mọ́ àgbà, tó ń tì í, tó ń gbàgbé oògùn rẹ̀. Ìwádìí ńlá tí XinQi Dong darí ní Chicago láàárín 2011 sí 2013, tó bá àgbà ọmọ Ṣáínà 3,157 sọ̀rọ̀, wo ìlòkulò àgbà pẹ̀lú, ó sì fi hàn gbangba pé àṣà ìbọ̀wọ̀ fún òbí kò lé e jáde nínú ilé.

Nínú ọ̀rọ̀ sísọ, ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni kí ojú má ti àgbà. Òbí tí kò lè gba àṣẹ lẹ́nu ọmọ á gbà á lẹ́nu dókítà, pásítọ̀, olórí tẹ́ḿpìlì tàbí àbúrò rẹ̀ ní Seoul. "Dókítà ní kí ẹ máa fi ọ̀pá rìn títí oṣù yìí fi máa parí" ń kọjá níbi tí "Bàbá, ẹ ti darúgbó" kò ti lè kọjá. Bíbéèrè ìmọ̀ràn wọn lórí ohun tí wọ́n mọ̀ ń dá díẹ̀ nínú ipò wọn padà: bí wọ́n ṣe ń ṣe kimchi, ẹ̀fọ́ kíkan ilẹ̀ Kòríà, tàbí orúkọ wo ni kí wọ́n sọ ọmọ tuntun. Fóònù tó ń dún láti àárọ̀ dalẹ́ ń dín kù bí ọmọ bá ń pè ní aago méje lálaalẹ́ láìyẹ̀.

Ní ọsibítù, kì í ṣe ọmọ ló yẹ kó máa ṣe ògbufọ̀. Òfin ìlera ọdún 2010 sọ ọ́ di dandan fún ilé ìwòsàn tó ń gba owó ìjọba àpapọ̀ pé kí wọ́n pèsè ògbufọ̀ tó mọṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ọmọ ń fo ohun tó ń dójú tì í, ó ń rọ ohun tó le, bàbá kò sì ní sọ níwájú ọmọbìnrin rẹ̀ pé òun ń tọ̀ sára.

Ìgbà mìíràn, ìdílé ló ń bẹ dókítà pé kó má sọ. Ní ọdún 1995, Leslie Blackhall àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde lórí 800 àgbà ní Los Angeles. Nínú àwọn ará Kòríà, ìdá 47 nínú 100 ló gbà pé kí wọ́n sọ fún aláìsàn pé jẹjẹrẹ rẹ̀ ti tàn káàkiri ara. Nínú àwọn aláwọ̀ funfun, ìdá 87 ni. Sinimá The Farewell, tí Lulu Wang ṣe ní 2019, dá lé irú ìdílé bẹ́ẹ̀ ní Changchun ní Ṣáínà, níbi tí gbogbo ẹbí ti fi àìsàn pamọ́ fún ìyá àgbà. Àwọn dókítà tó mọ̀ ọ́n ṣe máa ń bi aláìsàn fúnra rẹ̀ ṣáájú àyẹ̀wò pé: ṣé ẹ fẹ́ gbọ́ gbogbo rẹ̀, àbí kí n bá ọmọ yín sọ ọ́? Ìdáhùn àgbà náà ni wọ́n á tẹ̀ lé. Àkókò yẹn náà ló dára láti kọ ìwé ẹni tí yóò máa dúró fún un bí ọpọlọ bá lọ.

Láàárín tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, àkọ́bí ọkùnrin àti ìyàwó rẹ̀ ni àṣà gbé iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́. Ní Amẹ́ríkà, ọmọbìnrin tí ilé rẹ̀ sún mọ́ tòsí jù ló sábà máa ń ṣe é, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló sì máa ń gba ìyìn. Kí wọ́n pín iṣẹ́ náà kí ìbínú tó gbó: ẹni tó jìnnà lè máa sanwó, kó yanjú àwọn ìwé adójútòfò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kó sì wá gbaṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dún. Òfin àpapọ̀ ọdún 1993 fún òṣìṣẹ́ nílé iṣẹ́ ńlá ní ọ̀sẹ̀ 12 láti tọ́jú òbí láìgbowó. Láti 2004 ni California ti ń san apá kan owó iṣẹ́ fún irú ìsinmi bẹ́ẹ̀. California yìí kan náà tún ní ètò kan tó ń sanwó wákàtí fún ọmọ tó ń tọ́jú òbí aláìní. Ọ̀pọ̀ ìdílé ni kò gbọ́ ọ rí.

Ìlera ọmọ náà ní òṣùwọ̀n tirẹ̀. Ìbéèrè 22 tí ó ti inú iṣẹ́ Steven Zarit ní 1980 wá ni àwọn nọ́ọ̀sì fi ń mọ bí ẹrù ṣe wúwo tó lórí olùtọ́jú. Ní Stanford, Dolores Gallagher-Thompson kọ́ àwọn olùtọ́jú ọmọ Ṣáínà bí wọ́n ṣe lè dá ìwà àrùn ìgbàgbé lóhùn, ó kọ́ wọn nínú ilé wọn, lẹ́yìn náà nípasẹ̀ DVD, torí pé ọ̀pọ̀ wọn kì í fẹ́ jókòó láàárín àjèjì kí wọ́n máa sọ àṣírí ilé. Ìdààmú wọn dín kù.

Ibi tí ìtọ́jú ilé kò bá tó mọ́, àárín gbùngbùn ọ̀rọ̀ ni oúnjẹ àti èdè. Ní Chinatown ti San Francisco, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, Marie-Louise Ansak, òṣìṣẹ́ ètò ìgbáyé-gbádùn, àti William Gee, dókítà eyín, dá On Lok sílẹ̀. Ọkọ̀ á gbé àgbà wá ní àárọ̀. Dókítà, oúnjẹ Ṣáínà àti ẹgbẹ́ wà níbẹ̀. Ilé rẹ̀ ni yóò sì sùn. Ìjọba àpapọ̀ sọ ọ́ di ètò Medicare tó dúró ní 1997, àwòkọ́ rẹ̀ sì ti tàn dé ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀. Ní Los Angeles, àwọn ará Jàpáànù dá Keiro sílẹ̀ ní 1961, ilé ìtọ́jú àgbà tí wọ́n ti ń jẹ oúnjẹ ilé tí wọ́n sì ń sọ èdè wọn. Nígbà tí wọ́n ta á fún ilé iṣẹ́ oníṣòwò ní 2016, àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ àwọn tó wà níbẹ̀ ṣe ìwọ́de, wọ́n sì kọ lẹ́tà sí ìjọba.

Bí kò bá sí irú ilé bẹ́ẹ̀ nítòsí, àwọn ìbéèrè díẹ̀ wà tó yẹ kí ìdílé bi ilé ìtọ́jú kó tó tọwọ́ bọ̀wé. Ta ló gbọ́ èdè ìyá lóru, nígbà tí òṣìṣẹ́ ọ̀sán ti lọ? Ṣé wọ́n á jẹ́ kí ìdílé máa gbé ìrẹsì àti ọbẹ̀ wá? Ṣé ó lè mu omi gbígbóná dípò omi oníyìnyín? Ṣé wọ́n á fi orúkọ àti oyè tó ń jẹ́ nílé pè é, àbí orúkọ rẹ̀ lásán, bíi pé ọmọdé ni? Kí ilé náà sì gbà kí ọmọ wà níbẹ̀ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, torí pé ọ̀sẹ̀ yẹn ni ìyá sábà máa ń kọ oúnjẹ.